Bíréèkì quad bike rọ̀ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀: ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ_Etí_Òkun (Lẹ́kì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Quad bike ni iṣẹ́ wa, àwọn alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn tó wá gbafẹ́ ń yá gùn létí òkun. Ọ̀kan nínú wọn, Honda Rancher 420, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, bíréèkì iwájú rẹ̀ kò mú mọ́ dáadáa. Mẹkáníìkì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ tú kálípà méjèèjì (irin tó ń fi pádì fún dísìkì ẹsẹ̀ mú), ó fọ iyanrìn kúrò lára wọn, ó fi pádì tuntun sí i, ó sì da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù torí ó ti dúdú, ó ti nípọn.

Láti ìgbà tó ti bu tuntun sí i, bí mo bá fún ọwọ́ bíréèkì, ṣe ló ń lọ tààrà títí tó fi ń kan ọwọ́ ìdarí. Bí mo bá fún un léraléra, á le díẹ̀. Bí mo bá fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún ti rọ̀ padà. Kò sí ibi tó ń jò tí ojú rí. Mẹkáníìkì ní kí á máa gùn ún bẹ́ẹ̀, pé yóò le fúnra rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gun nǹkan yìí, mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni báyìí. Ṣé máásítà (ẹ̀rọ kékeré ìdí ọwọ́ bíréèkì tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà) ló bàjẹ́ ni, àbí afẹ́fẹ́ ló kó sí i? Báwo ni wọ́n ṣe ń bílíìdì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, gan-an?

Mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Àbúrò, o káre tí o dá a dúró. Bíréèkì kì í le fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ń le nígbà tí a bá fún un léraléra, tó tún ń rọ̀ padà, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì kì í sún kì, afẹ́fẹ́ ló ń sún kì; agbára ọwọ́ rẹ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ pádì, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá máásítà ni, fún ọwọ́ bíréèkì títí tí yóò fi le, kí o wá dì í mú bẹ́ẹ̀ láìjọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ, tí kò sì sí ibi tó ń jò, rọ́bà inú máásítà ti jẹ. Bó bá dúró sójú kan, má ná owó kankan lé máásítà.

Wá sípánà olórí òrùka nọ́ńbà 8, họ́ọ̀sì ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń rí inú rẹ̀, ìgò kékeré kan, sìríńjì ńlá tí kò lábẹ́rẹ́, aṣọ tó mọ́, àti ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 (DOT àti nọ́ńbà rẹ̀ ló ń sọ irú ọ́ìlì bíréèkì tó jẹ́) tí wọn kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ "tí wọn kò tíì ṣí" yìí, má fojú kéré rẹ̀.

Gbé ẹ̀rọ náà síbi tó tẹ́jú, kí o sì yí ọwọ́ ìdarí títí ojú ilé ọ́ìlì tó wà lórí máásítà yóò fi tẹ́jú. Fi aṣọ tó rin omi bo táńkì àti gbogbo ike tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ́ìlì yìí máa ń bó ọ̀dà, ó sì ń ba ike jẹ́. Bó bá kán sí i, omi púpọ̀ ni kí o dà sí i lẹ́sẹ̀kan náà. Fífi aṣọ nù ún nìkan kò tó. Fọ iyanrìn kúrò lórí ìdérí kí o tó ṣí i. Súkúrù méjì tó wà lórí rẹ̀ rọ̀ gan-an, orí wọn tètè ń jẹ: wá súkúrúdiráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ihò yẹn mu, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fi òòlù kékeré kan ìdí rẹ̀ díẹ̀ kí o tó yí i.

Lábẹ́ ìdérí, o máa rí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ṣẹ́po. Bó bá ti nà sísàlẹ̀, tẹ̀ ẹ́ padà kí o tó dá a sí i. Fi sìríńjì fa gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú ilé náà, fi aṣọ mímọ́ nu ẹrẹ̀ tó bá sùn sísàlẹ̀, kí o wá bu tuntun kún un dé àmì òkè.

Ó wá ku kálípà. Ẹsẹ̀ tó jìnnà sí máásítà la máa ń mú ṣáájú. Máásítà Honda yẹn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà òsì ni kí o kọ́kọ́ mú. Yọ rọ́bà kékeré orí nípù (bóòtù kékeré oníhò ara kálípà tí à ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde) kúrò, fi sípánà sí i, kí o tó ti họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ẹnu họ́ọ̀sì kejì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ́ìlì díẹ̀ tí o ti bù sínú ìgò ṣáájú.

Ẹ̀yin méjì ni kẹ́ ẹ ṣe é, ọ̀kan nídìí ọwọ́ bíréèkì, ọ̀kan nídìí nípù, kẹ́ ẹ sì máa dá ara yín lóhùn. Ẹni òkè á fún un pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á dì í mú, á ní "mo ti dì í." Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nípù díẹ̀, kò gbọdọ̀ tó ìdajì òbírí. Ọwọ́ bíréèkì á sọ̀ lọ sísàlẹ̀, ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ á máa hó jáde nínú họ́ọ̀sì. Ẹni ìsàlẹ̀ á dé nípù, á ní "mo ti dé e." Ìgbà yẹn NÌKAN ni ẹni òkè tó lè jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí nípù ṣì ṣí, gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ lé jáde ló máa fà padà wọlé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tó ń fún bíréèkì láti àárọ̀ dọ̀sán torí pé àwọn méjèèjì kò dá ara wọn lóhùn.

Ilé ọ́ìlì quad kéré gan-an. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tí ẹ bá ti fún un, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ bu kún un. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, máásítà ti gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣe é títí àwọ̀ tuntun á fi máa jáde tí kò sí hóró afẹ́fẹ́ kankan nínú họ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún padà sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ dì í, ẹ má fi gbogbo agbára dì í: nípù ní ihò nínú, ó ń ṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ Honda, ìwọ̀n 5 sí 6 N·m (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń di bóòtù) ni, ohun tí ọwọ́ kan lórí sípánà kúkurú lè ṣe.

Ará_Houston

Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹ kú làálàá. Ọmọ_Etí_Òkun, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ DOT kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra nǹkan tí kò yẹ.

Ọ́ìlì DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, ìran kan náà ni wọ́n, glycol ni wọ́n fi ṣe wọ́n. DOT 5 kì í ṣe ara wọn rárá. Silicone ni, àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ elésè-àlùkò, kò sì gbọdọ̀ bá àwọn yòókù pàdé. Ẹni tó bá rí 5 lára ike kan tó sì rò pé ó dára ju 4 lọ nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀, ó ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo orí ìdérí máásítà yín: wọ́n kọ irú èyí tó yẹ kẹ́ ẹ lò síbẹ̀.

Ìwọ̀n ooru tó kéré jù tí òfin Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fara dà kí wọ́n tó hó nìyí. DOT 3 tuntun, 205°C, DOT 4, 230°C, DOT 5.1, 260°C. Bí omi bá ti wọnú wọn, 140°C, 155°C àti 180°C ló kù. Omi tí à ń sọ yìí kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ o. Ọ́ìlì glycol ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Ó ń gba inú họ́ọ̀sì rọ́bà wọlé, ó ń gba ẹnu ìdérí wọlé, yálà ẹ gun ẹ̀rọ náà tàbí ẹ ò gùn ún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ fi ní kí á pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì.

Ní ibi olókè, níbi tí èèyàn ti ń di bíréèkì mú wá sísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, omi yẹn lè hó, kó di afẹ́fẹ́, kí ọwọ́ bíréèkì sì ṣófo lójijì. Etí òkun tẹ́jú ní tiyín, nítorí náà ooru kọ́ ni mò ń bẹ̀rù jù fún yín. Ìpata ni. Omi tó sùn sínú kálípà á máa jẹ pístìnnì àti ojú máásítà láti inú, ẹ ò ní rí i títí tí yóò fi máa jò. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni èmi ó máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé omi òkun ni wọ́n ń gùn ún nítòsí rẹ̀.

Bàbá_Oníkẹ̀kẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú àsọyé o. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni tèmi, ọ́ìlì náà ló ń ti láínì inú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì ní ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín fetí sí.

Ẹ má da ohun mìíràn síbẹ̀. Mo ń rí àwọn ọmọ tí ọ́ìlì bíréèkì tán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tàbí ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sínú gíà àti sítíárì, sínú máásítà. Lọ́jọ́ yẹn, bíréèkì á mú. Àmọ́ rọ́bà inú bíréèkì kò bá irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ rẹ́: ṣe ló máa wú, á rọ̀, á di máásítà pa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní fẹ́ yí mọ́. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, fífa ọ́ìlì yẹn jáde kò lè tún un ṣe. Gbogbo rọ́bà tó wà láti máásítà dé kálípà lẹ máa pààrọ̀, àti họ́ọ̀sì pẹ̀lú.

Bákan náà ni pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn láti fi pẹtiróòlù fọ gbogbo nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù. Inú bíréèkì, omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì tuntun ṣan án. Ọmọ_Etí_Òkun, bi mẹkáníìkì yẹn ohun tó fi fọ kálípà rẹ. Bó bá fi pẹtiróòlù fọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, kò burú jù. Bó bá da á sínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú. Bí ìdérí kò bá ní ohun ìdè lábẹ́, tàbí tí wọn kò kọ DOT kankan sára rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọmọ_Etí_Òkun

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá mi méjèèjì, àti ẹ̀gbọ́n Houston. Mo bi í, ó ní omi àti ọṣẹ lòun fi fọ̀ ọ́, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Mo di ọwọ́ bíréèkì mú bí ẹ ṣe wí, kò sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà máásítà yè. Èmi àti àbúrò mi wá ṣe òsì. Afẹ́fẹ́ tó jáde nínú họ́ọ̀sì yẹn pọ̀! Ṣe ló ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kékeré àti ńlá, tí ọ́ìlì fi wá mọ́ gaara. Bíréèkì ti sàn ju tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́, nípù ti ọ̀tún kò ṣí, iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, mo sì ń bẹ̀rù kó má ṣẹ́. Èkejì, ọwọ́ bíréèkì ṣì ń sáré lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Nípù tó gan, sùúrù la fi ń bá a lò. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìdí rẹ̀ títí o fi máa rí ojú irin. Fọ́n WD-40 tàbí irú rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bo pádì àti dísìkì kó má kàn wọ́n. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà fi òòlù kékeré kan orí rẹ̀ ní ìwọ̀nba, kí ìpata tó dì í mú lè fọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 8 onígun mẹ́fà ni kí o lò; onígun méjìlá máa bó orí rẹ̀. Kọ́kọ́ gbìyànjú láti dì í sí i díẹ̀ kí o tó tú u, ìyẹn máa ń jẹ́ kó jọ̀wọ́.

Má fi iná sí i nígbà tí kálípà ṣì wà lára ẹ̀rọ. Ọ́ìlì bíréèkì ń jóná, rọ́bà inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Bó bá kọ̀ pátápátá, tú kálípà, gbé e lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlu-irin.

Bó bá ṣí, ra nípù tuntun, kì í wọ́n. Kí o sì wá rọ́bà tó ń dé orí rẹ̀. Nǹkan kékeré yẹn ló ń dènà iyọ̀, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń sọ nù jù lọ.

Ọlọ́kadà_Ifẹ̀

Nípa ọwọ́ bíréèkì tó ń sáré lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: ẹ má wá a nísàlẹ̀ mọ́, òkè ni kẹ́ ẹ wò. Afẹ́fẹ́ máa ń gòkè. Lórí ẹ̀rọ tí máásítà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdarí, ibi tó ga jù ni ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ máásítà, níbi bóòtù tó ní ihò nínú. Hóró afẹ́fẹ́ kan lè jókòó síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fún bíréèkì títí láé, kò ní tẹ̀ lé ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀ dé kálípà.

Ẹ yí ọwọ́ ìdarí kí ibẹ̀ lè wà lókè pátápátá. Ẹ fi aṣọ wé bóòtù yẹn yíká. Ẹ fún ọwọ́ bíréèkì, ẹ dì í mú, ẹ tú bóòtù náà díẹ̀, bí ẹni fẹ́ tú u, ẹ ó gbọ́ tó máa dún "fúùṣì," ẹ tètè dì í padà kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta. Wáṣà bàbà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń jò lẹ́yìn náà, ẹ má fi agbára dì í sí i, ẹ pààrọ̀ wáṣà. Ìwé iṣẹ́ Honda sábà máa ń fi bóòtù yẹn sí 34 N·m.

Bó bá kù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi rọ́bà tàbí okùn so ọwọ́ bíréèkì mọ́ ọwọ́ ìdarí ní fífún, ẹ jẹ́ kó sun bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Àwọn hóró kékeré tó lẹ̀ mọ́ ògiri họ́ọ̀sì á máa rìn gòkè lọ. Bí ẹ bá tú u láàárọ̀, wọ́n á bọ́ sínú ilé ọ́ìlì.

Ará_Houston

Ọ̀nà míì wà tó tètè ń yanjú irú èyí: kẹ́ ẹ ti ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ fi sìríńjì tó kún fún ọ́ìlì tuntun sí nípù kálípà, ẹ rọra tì í gòkè, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ lé e torí òkè náà ló fẹ́ lọ. Ẹ kàn máa fa èyí tó bá kún ilé ọ́ìlì kúrò kó má ṣàn dà sórí ike.

Mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Ará Houston, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn fún ẹ̀rọ tó ti pẹ́. Gbogbo ẹrẹ̀ tó ti sùn sínú kálípà láti ọdún yìí wá, ṣe lẹ máa tì í lọ sínú máásítà. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ilé ọ́ìlì, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wáyà tín-ín-rín nìkan lè wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà padà bí a bá jọ̀wọ́ bíréèkì. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, bíréèkì kò ní jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ mọ́, pádì á máa ha, á gbóná, á di ẹsẹ̀ mú pátápátá. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ́ìlì tuntun ṣan gbogbo rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n bá fẹ́ ti èyí tó mọ́ gòkè, mi ò ní jà.

Ará_Houston

Mo gbà, bàbá. Òótọ́ ni fún ẹ̀rọ tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dúdú.

Ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìdí nípù, kó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń gba ojú ibi tí nípù ti ń yí wọlé wọ inú họ́ọ̀sì. Á máa rí hóró tí kò tán, á sì rò pé inú bíréèkì ló ti ń wá. Ìfún tó kẹ́yìn, ọwọ́ ni kó fi ṣe é.

Àgbẹ̀_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi kì í ṣe Honda. Polaris Sportsman ni, oko ni mo fi ń gbé ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ bíréèkì kan ṣoṣo ló ní, ẹsẹ̀ bíréèkì kan sì wà nísàlẹ̀. Ṣé bákan náà ni?

Ará_Houston

Ó yàtọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Lórí Sportsman, ọwọ́ bíréèkì tó wà lápá òsì ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ bíréèkì jẹ́ àfikún fún ẹ̀yìn, ó ní máásítà tirẹ̀ àti ilé ọ́ìlì tirẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ti ọwọ́, wọ́n ń gbàgbé ti ẹsẹ̀, torí ilé ọ́ìlì rẹ̀ fara sin. Ẹ yẹ kálípà ẹ̀yìn wò dáadáa, nípù ibẹ̀ lè ju ọ̀kan lọ. Gbogbo rẹ̀ lẹ máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti Rancher ẹ̀wẹ̀, irú ti Ọmọ_Etí_Òkun, dúrọ́ọ̀mù ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, okùn wáyà àti ọ̀pá ló ń fà á. Kò sí ọ́ìlì níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń bílíìdì. Bó bá rọ̀, nọ́ọ̀tì rẹ̀ la máa ń fún mọ́.

Mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin tó ń tú kálípà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi àmì sí wọn lára, ọ̀tún àti òsì. Nípù gbọ́dọ̀ wà lókè kálípà. Lórí àwọn quad kan, wọ́n lè gba ipò ara wọn. Bí nípù bá bọ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á dúró sókè kálípà níbi tí kò ti rí ọ̀nà jáde, ẹ lè lo gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan, kò ní le.

Ìyá_Oníquad (Àgbádárìgì)

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí bọ̀ láti òkè, ẹ kú ọpọlọ o. Èmi náà ń yá quad fún èèyàn, nítorí náà ohun tí a máa ń ṣe kí oníbàárà tó gùn ún ni mo fẹ́ sọ.

Láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó dún, a máa ń fún ọwọ́ bíréèkì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó dì í mú, a ó sì fi ara ti ẹ̀rọ náà síwájú. Ẹsẹ̀ iwájú kò gbọdọ̀ yí. Ọwọ́ bíréèkì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọwọ́ ìdarí. A ó wo gíláàsì kékeré ara máásítà bóyá ọ́ìlì wà lókè àmì. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, pádì ló ń jẹ; bó bá sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ó ń jò níbì kan, kò sì ní jáde lọ́jọ́ yẹn bó ti wù kí oníbàárà pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa á gùn ún pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀ lásán, á di bíréèkì mú lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́, omi tí kò níyọ̀ la fi ń fọ̀ wọ́n, pàápàá ìdí kálípà àti ẹ̀yìn dísìkì. Ẹ má fi omi alágbára fọ́n ìdí rọ́bà pístìnnì tààrà, á ti iyanrìn wọlé. Àwọn irin méjì tí kálípà ń yọ̀ lé lórí, ẹ máa yọ wọ́n fọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi gíríìsì silicone pa wọ́n. Bí iyanrìn bá há wọn, pádì kan á máa jẹ ju èkejì lọ, ọwọ́ bíréèkì á sì máa rọ̀ láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ rárá. Àwọn oníquad ẹgbẹ́ wa kì í rántí ibẹ̀.

Ọmọ_Etí_Òkun

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ìlànà àárọ̀ yẹn, a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nípù ọ̀tún ti ṣí lẹ́yìn tí a fi WD-40 sùn ún mọ́jú, a ti fi tuntun sí i, ọ́ìlì dúdú ló ṣì wà nínú kálípà náà látijọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà gan-an ni bóòtù orí máásítà tí Ọlọ́kadà_Ifẹ̀ sọ. Mo fi aṣọ wé e, mo tú u díẹ̀, ó dún "fúùṣì," aṣọ sì rin. Nígbà tí a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ọ́ìlì nìkan ló jáde. Ní báyìí ọwọ́ bíréèkì ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì jìnnà sí ọwọ́ ìdarí. A ti gùn ún lórí iyanrìn líle, ó ń dúró gírí.

Ọ́ìlì DOT 4 kù díẹ̀ ju ìdajì lọ nínú ike. Ṣé mo lè fi pa mọ́ de èyí tó kàn? Èyí tó dúdú ńkọ́, níbo ni kí n dà á sí?

Bàbá_Oníkẹ̀kẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, èyí tó kù, bí o bá ní quad míì tó nílò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, lò ó. Dé e pinpin, kó má sì jókòó sójú oòrùn. Bó bá di oṣù mélòó kan tó ti ń wà níbẹ̀, má lò ó fún bíréèkì mọ́, pàápàá ní Lẹ́kì tí afẹ́fẹ́ yín kún fún omi. Ike kékeré ni kí o máa rà, èyí tó tó fún iṣẹ́ kan.

Èyí tó dúdú, má dà á sílẹ̀ létí òkun, má sì dà á sínú gọ́tà. Bù ú sínú ike tirẹ̀, kọ ọ́ sí i lára, kí o bi àwọn tó ń gba ọ́ìlì ìdọ̀tí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bóyá wọ́n ń gba ti bíréèkì. Má dà á pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí o tó bi wọ́n. Kí o sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, májèlé ni.